Òtítọ́ Dọ́jà, Ó Kùtà

Láti Sátidé tó kọjá ni inú ti ń bí mi. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa la ṣe ní Brooklyn Park, ní Minnesota níbí. Bí a ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ di ti òṣèlú, gbogbo ẹnu sì kò pé òpùrọ́ ni gbogbo olóṣèlú, nílé lóko. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi ló pariwo jù: "Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn mí tó sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ rí!" Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì níbí rọra dáhùn pé, "Allan Spear ńkọ́, sà?" Ó ní nígbà tí ọkùnrin náà wà nípò aṣòfin ló sọ fún gbogbo ayé pé ọkùnrin bíi tòun lòun fẹ́ràn. Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ̀gbọ́n pòṣé. Ẹnìkan ní kí ọmọ náà lọ máa kó abọ́.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òtítọ́ jókòó ti igbá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, èké ti tà tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn tó kọ̀ láti rà á náà ló tún ń ké kiri pé òtítọ́ ti wọ́n láyé.

Ta ni Spear? Michigan City ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1937. Olùkọ́ ìtàn ni ní Yunifásítì Minnesota. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí: bí wọ́n ṣe há àwọn ènìyàn wa mọ́ àdúgbò kan ní Chicago láàárín 1890 sí 1920. Lọ́dún 1972 wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Minnesota. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá 1974, ó sọ fún oníròyìn pé ọkùnrin lòun fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn Minneapolis Star. Fúnra rẹ̀ ló la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.

Oṣù kan péré ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n dìbò yan Elaine Noble sílé aṣòfin Massachusetts láti ìlú Boston, obìnrin tí kò fi pa mọ́ pé obìnrin lòun fẹ́ràn. Wọ́n yìnbọn wọ fèrèsé rẹ̀, wọ́n ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́. Obìnrin yìí kan náà ló ń bá àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwé nígbà tí àwọn èrò tí kò fẹ́ kí ọmọ dúdú àti funfun jọ kàwé ń sọ òkò lù wọ́n ní Boston. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn.

Òtítọ́ Spear kùtà lóòótọ́. Àbá òfin wà nílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé ènìyàn kúrò níṣẹ́ tàbí nílé nítorí ẹni tó fẹ́ràn. Lọ́dún 1977, kò yege. Lọ́dún 1978, àwọn olùdìbò St. Paul, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ìlú wọn ti ní. Ẹlòmíràn ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ relé. Spear kò lọ. Ó darí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fi í ṣe ààrẹ ilé aṣòfin àgbà lọ́dún 1993. Ọdún yẹn náà ni àbá ọ̀hún tún dé. Ó dìde, ó sọ fún wọn pé ọmọ ọdún 55 lòun, ohun tó wà lára òun kì í ṣe àṣà èwe tó máa tó kọjá lọ. Dean Johnson, pásítọ̀ ìjọ Lutheran tó jẹ́ olórí àwọn Republican nílé náà, dìbò fún àbá náà. Gómìnà Arne Carlson, Republican lòun náà, buwọ́ lù ú ní Oṣù Kẹrin. Ọdún 28 ni Spear lò kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kú lọ́dún 2008.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́sí, onílé kan sọ fún wọn lórí fóònù pé yàrá ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, tó rí àwọ̀ ara wọn, tó gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń dún, ó ní ẹlòmíràn ti gbà á. Omi bọ́ lójú àgbàlagbà. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n tí a fi kọ ìwé ẹ̀sùn, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ìpínlẹ̀ yìí la sì dì mú. Wọ́n rí yàrá gbà nínú ọgbà yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé títí dòní.

Bí wọ́n bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí padà. Ṣùgbọ́n onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ yín náà ní ohun tó gbà gbọ́. Ṣé tìtorí ìyẹn ni kí ẹ fi sùn síta?

Ẹ yéé parọ́ pé olóòótọ́ lẹ ń wá. Lọ́dún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, ẹ ná owó fún olóṣèlú kan tó wá láti ilé, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé kò gbẹ́ kànga kan rí nínú gbogbo èyí tó ṣèlérí. Ẹ jókòó rẹ̀ sí iwájú. Ẹ kí i ní olówó orí. Ọmọ kan wá dárúkọ ẹni tó sọ òótọ́, ọmọ tó mọ ìtàn ibi tí ẹ ń jẹ ń mu jù yín lọ, ẹ ní kó lọ kó abọ́!

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bẹ ọmọ yẹn. Kí ẹ sì wá ìwé ẹ̀sùn tí a jọ kọ jáde, ẹ wo òfin tí a dà kọ sínú rẹ̀: àwọ̀ ara, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, títí dórí ẹni tí ọkàn ènìyàn fẹ́ràn. Gbólóhùn kan náà ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ buwọ́ lù.