Tírélà tí mo rà l'Amẹ́ríkà

Mo wálé Iléṣà fún ọdún Ìwúdè, àwọn tó wá kí mi l'Ókèṣà, dípò kí wọ́n wo ojú mi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wá ibi tí mo páàkì tírélà sí.

Èmi ni mo fà á o. Èmi ni mo pe Màámi látòkè òkun pé mo ti ra trailer. Níbi tí tírélà ọtí ti ń jáde ní bùrúwárì lójoojúmọ́, kí lẹ rò pé Màámi máa gbọ́? Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e wọ́n ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sì ti ń bèèrè iye tí n óò gbà kó símẹ́ńtì dé Àkúrẹ́.

Ilé ni o jàre. Ilé kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì àti tóílẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n so mọ́ ìdí mọ́tò, ẹ ó wá wọ́ ọ lọ sínú igbó lọ sùn, wọn á sì gbowó lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó sùn nínú igbó. Èmi tí mo sá fún oko kòkó bàbá mi!

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ohun tẹ́ ẹ bá yà sínú ilé yẹn, kò lọ síbì kankan. Abẹ́ ilé ló wà nínú táńkì, ẹ̀ ń gbé e kiri bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun. Omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ ní táńkì tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní grey. Èkejì ni black, ẹ ò nílò àlàyé. Tèmi gba gálọ́ọ̀nù 40, bíi lítà 150. Ẹ ro kẹ́ẹ̀gì epo pupa onílítà 25 mẹ́fà, ẹ wá yọ epo kúrò.

Mo wá gbọ́n bí Ìjẹ̀ṣà. Ibi tá a páàkì sí ní ihò ìdọ̀tí nílẹ̀, mo ki họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, mo ṣí ẹnu táńkì dúdú kalẹ̀ kó máa ṣàn lọ fúnra ẹ̀. Omi ṣàn lọ lóòótọ́. Èyí tó ki jókòó, ó ń ga sókè bí òkìtì ọ̀gán. Bàbá òyìnbó kan ló wá sọ fún mi pé títì ni wọ́n ń tì í, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí omi pọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí i kó ya lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣù mi náà nípọn jù, ó ti lẹ̀ mọ́ ohun tó ń díwọ̀n táńkì, iná ara ògiri kàn ń sọ pé ó kún ni, ó kún ni. Àwọn awakọ̀ páàkì Ifẹ̀, ọkọ̀ tiwọn ò kún láé, ó máa ń ku ẹnì kan. Táńkì tèmi ò ṣófo láé.

Bàbá ní kí n da omi kún un dé ìdajì, kí n wọ́ ọ kiri kó máa gbọ̀n. Mo wọ́ ọ kiri.

Ọjọ́ kejì mo padà sídìí ihò. Láyé àwọn bàbá wa, òru ni agbépóò ń wá kẹ́nikẹ́ni má rójú ẹ̀, èmi, ọ̀sán gangan, mo wọ gíláàsì dúdú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òyìnbó ń kí mi ní good afternoon. Dúdú ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣí, kí omi ọṣẹ wá fọ họ́ọ̀sì lẹ́yìn ẹ̀. Omi ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ ṣí, mo fọ họ́ọ̀sì tán kí n tó dọ̀tí ẹ̀. Mo wá fa dúdú. Kò sí nǹkan. Mo lóṣòó tì í. Ọmọ òṣómàáló ni mí ṣá, bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè torí owó aṣọ, èmi náà lóṣòó, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo jẹ gbèsè tí mo wá gbà.

Ibẹ̀ ni Màámi ti pè mí ní fídíò. Mo ní kí n gbé e báyìí, nǹkan ró gbì nínú táńkì, họ́ọ̀sì fò kúrò nínú ihò, bàtà kánfáàsì funfun mi...

"Kí ló ń ró yẹn?"

"Ẹrù ni wọ́n ń já, Màámi."

"Háà, tírélà yẹn ti ń ṣiṣẹ́! Ẹrù ta ni?"

"Ẹrù tara wa ni, Màámi."

"Ọlọ́run ṣeun o. Dúró tì í dáadáa, má jẹ́ kí wọ́n jí ìkankan níbẹ̀."