Bí Ikú Ilé Ò Bá Pani, T'òde Ò Lè Pani: Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Amúnisìn àti Ilẹ̀ Ìlọrin

Òwe yìí kì í jìnnà sẹ́nu àwọn àgbà wa tí ọ̀rọ̀ òyìnbó amúnisìn bá délẹ̀. Ẹnìkan á máa ráhùn pé òyìnbó ló ba ilẹ̀ wa jẹ́, ẹlòmíì á dá a lóhùn pé, "Bí ikú ilé ò bá pani, t'òde ò lè pani," ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Mo fara mọ́ òwe náà tọkàntọkàn. Àmọ́ ikú méjì ló dárúkọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú ilé nìkan ti dá apànìyàn ìta sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìta bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ojú wọn ò kúrò lára ilẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ ń fẹ́ epo, àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là, epo pupa àti èkùrọ́ tiwa sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ibà ló ń dá wọn dúró létí òkun. Ní 1854 ni Baikie, dókítà òyìnbó kan, fi ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Ọya, ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tó kú nínú wọn. Nígbà tó yá, ìbọn Maxim dé, èyí tó ń yin ọta léraléra láì sinmi. Faransé, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì wá ń sáré lé ilẹ̀ kan náà. Láti oṣù kọkànlá 1884 títí di oṣù kejì 1885, wọ́n jókòó ní Berlin, wọ́n ń ṣòfin lórí bí wọn yóò ṣe gba ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo lórí ìjókòó. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ George Goldie, níwèé àṣẹ pé kó máa ṣèjọba lẹ́bàá odò Ọya. Oníṣòwò ni wọ́n fi jọba, ó ní ọmọ ogun, ó ní ilé ẹjọ́, ó ń gba owó ibodè. Ta ló bi Bídà, olú ìlú Núpé? Ta ló bi Ìlọrin?

Ká wá wo ilé. Ìlọrin àti Ìbàdàn ti ń bára wọn jà kí Goldie tó dé. Ní 1878, nínú ogun Jálumi nítòsí Ìkìrun, èèyàn ṣòfò. Ọ̀fà gbè sẹ́yìn Ìbàdàn, ogun Ìlọrin tí Kàràrá darí dó tì wọ́n, ìlú náà sì tú. Àwa Ìgbómìnà ń sìn lábẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn àti Ìlọrin fi ń ṣàkóso wa, ìdí nìyẹn tí àwọn wa fi dara pọ̀ mọ́ Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ogun tó dojú kọ Ìbàdàn. Nínú Ìlọrin gan-an, Ẹ́míà Moma fẹ́ kí ogun ó tán, àwọn Balógun ò fẹ́. Ní 1895 wọ́n dìde sí i, ó sì fi ẹ̀tù gbẹ̀mí ara rẹ̀ nínú ààfin. Sùlàímọ̀nù tí wọ́n fi jọba lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ àwọn Balógun ni agbára rẹ̀ wà.

Bí ilé ti rí nìyẹn ní oṣù kejì ọdún 1897, nígbà tí ọmọ ogun Goldie ṣẹ́gun Bídà tán tí wọ́n sì kọjú sí Ìlọrin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin gbógun jáde bí akọni, Maxim ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ibi tí ọfà tàbí idà lè dé. Iná sọ nínú ìlú. Ẹ́míà padà wá fọwọ́ síwèé pé òun gbà lábẹ́ kọ́ńpìnnì, òun sì gba ààlà tí wọ́n fà láàárín òun àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ọ̀fà ráyè padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ló yọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ajẹ́lẹ̀ ti jẹ lójú pọ́n ò ní sunkún ajẹ́lẹ̀. Ibi tí ikú ilé ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, 1896, Menelik, ọba Ethiopia, kó àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ pọ̀, wọ́n ní ìbọn lọ́wọ́, wọ́n sì lé Ítálì sẹ́yìn ní Adwa. Ẹ fi wé tiwa.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, wọ́n sì san 865,000 pọ́n-ún fún un. Ìlọrin wà nínú ohun tí wọ́n san owó náà lé lórí, Bídà náà wà níbẹ̀. Onílé ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an tí mo bá rántí èyí.

Ohun tó tẹ̀ lé e pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò tilẹ̀ gbọ́ rí. Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní làǹtànà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí ìlú náà tú. Oníṣẹ́ á fi irin gé òkúta pupa náà wẹ́wẹ́, á fi irin tín-ín-rín lu ú níhò díẹ̀díẹ̀, á wá máa fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi dán. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀, torí pé bí irin bá yẹ̀, òkúta á fọ́, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọba àti ọlọ́lá ló ń so ó mọ́ ọrùn. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀rọ láti òkè òkun dé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, tí ìjọba sì ní ṣílè lòun máa gbà fún owó orí, ọmọ oníṣẹ́ wá ohun tó ń yára mú ṣílè wọlé. Iṣẹ́ náà rẹ̀yìn. Aṣọ òfì ní tirẹ̀ kò kú, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú òyìnbó ló wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí.

Ọkọ̀ ojúurin dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ó sọ Ọ̀fà di ìlú ọjà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹrù lè dé èbúté Èkó ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ààlà ni ó dùn mí jù. Ìlá Ọ̀ràngún bọ́ sí ìhà gúúsù, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo bọ́ sí àríwá lábẹ́ Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ Ìgbómìnà kan náà ni gbogbo wa. Ìjọba amúnisìn tún fún ètò ajẹ́lẹ̀ ní ìwé àti ọlọ́pàá, ó wá le ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ń gbọ́ ẹjọ́ ní 1957 sí 1958, àwọn kan láti Ìlọrin àti Kàbbà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, kò bọ́ sí i.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dìde láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rin-Ilé, tàbí láàárín ìlú méjì yòówù ní Gúúsù Kwara. Òyìnbó ti lọ, ikú ilé ò tíì lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fa àdá yọ, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà ìlú méjèèjì, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fa ààlà yẹn àti ẹni tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé sí ìjọba, ẹ sì tẹ̀ lé e. Ọ̀tùn náà wà lábẹ́ Ìlọrin láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dé, ó wà níbẹ̀ títí di 1936 kí wọ́n tó dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Èkìtì. Ìlọ̀fà, Òsì àti Àràrọ̀mí-Òpin, tí wọ́n jẹ́ Èkìtì náà, ṣì wà ní Kwara títí di òní.