Pọ́líìṣì Kì í Yọ Irin Tó Ti Rì Sínú Ọ̀dà Ọkọ̀

Ó ti di ìgbàgbọ́ láàárín àwa tí a ń wakọ̀ ní Èkó pé bí àmì tótòtó aláwọ̀ rúsúrúsú bá ti yọ sára ọkọ̀, ẹ̀rọ pọ́líìṣì ni yóò kó wọn lọ. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kun ọkọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ náà a sì fi ìdánilójú sọ ọ́ fún aládùúgbò rẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, owó àpò ara mi ni mo sì fi kọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ mi funfun, mo sì máa ń gbé e sí ìtòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mobolaji Johnson ní Alágómejì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ibi iṣẹ́ mi kò jìnnà sí ibẹ̀. Kí ọdún kan tó pé, ara rẹ̀ ti dà bí aṣọ àlà tí wọ́n wọ́n ata gígún sí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní àdúgbò kan ní Sùúrùlérè. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní, "Dádì, ẹ fọkàn yín balẹ̀, kọ́tìn kan péré ni yóò gbà, á sì tún di tuntun." Kọ́tìn ni wọ́n ń pe kí a fi ẹ̀rọ àti pọ́líìṣì ha ojú ọ̀dà. Ó fi ẹ̀rọ yí i fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ọkọ̀ náà sì dán débi pé mo lè fá irùngbọ̀n mi níwájú rẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tú àṣírí. Àwọn àmì náà padà sí ojú kan náà tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé òde àríyá ni wọ́n lọ. Èyí tó burú jù ni pé nígbàkigbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó yí po bí òwú aláǹtakùn, tí kò sí níbẹ̀ kí n tó gbé e lọ. N kò dá ọmọ náà lẹ́bi, nítorí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe nínú ìgbàgbọ́ yìí ni ibi tí àwọn àmì náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé páànù ara ọkọ̀ wọn ló ń dógùn-ún láti inú bọ̀ wá síta. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin àjèjì ni, irin tó ti ibòmíràn fò wá. Dísìkì bíréèkì tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jẹ́ irin tí a dà, ọ̀pọ̀ páàdì tó ń fún un mú náà sì ní ègé irin nínú, nítorí náà ìgbàkigbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, méjèèjì a ha ara wọn, ẹ̀rún irin gbígbóná tí ojú lásán kò lè rí a sì fò jáde. Ẹ wá ro ti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àárọ̀ ọjọ́ Ajé lórí afárá Third Mainland, tó gùn tó kìlómítà 11.8, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í ti í kúrò lórí bíréèkì. Ẹ fi iná tó ń ta pàrà lẹ́nu ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin ní ọjà Ládipọ̀ àti Òwódé Onírin kún un. Ẹ tún fi kẹ̀kẹ́ irin tó ń lọ ojú irin kún un: ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, ti Blue Line tó ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àti Red Line láti Agbádó sí Ọyìngbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2024. N kò sọ pé kí a má fẹ́ ọkọ̀ ojú irin o. Èmi fúnra mi ń wọ̀ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú irin kó ọkọ̀ tuntun kúrò ní ilé iṣẹ́, wọ́n ti mọ ìyọnu yìí tipẹ́, eruku ojú irin ni wọ́n sì ń pè é.

Bí ẹ̀rún irin tó gbóná bá balẹ̀ sára ọkọ̀, kì í kàn jókòó lé e bí eruku ọyẹ́. Ooru rẹ̀ a mú ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ rọ̀, òun náà a sì rì wọlé díẹ̀, bí èèkàn tí a gbá mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìrì òru àti ọ̀rinrin oníyọ̀ tó ń ti orí ọ̀sà wá bá dé bá a, a dógùn-ún, a wú, ìpẹtà rẹ̀ a sì ṣàn sí àyíká rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Àwọn tó ní ọkọ̀ funfun ló máa ń pariwo jù, àwọn kan sì ti ń sọ pé ọ̀dà funfun ló ń fa ìpẹtà mọ́ra. Ọkọ̀ dúdú ní tirẹ̀ lára bákan náà, àwọ̀ rẹ̀ ló ń bá a bò ó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí pọ́líìṣì ń ṣe. Ohun líle tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń ha ojú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa ta padà lára rẹ̀. Ìpele òkè pátápátá lára ọ̀dà ọkọ̀ òde òní, èyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń pè ní kílíà, sábà máa ń jẹ́ mìkírọ́ọ̀nù 40 sí 50. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, 40 tàbí 50 nínú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ní láti fi pọ́líìṣì títí ayé ọkọ̀ náà.

Nígbà tí fóòmù ẹ̀rọ bá ń yí lórí ojú tí irin wà, ọ̀kan nínú ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ó lè gé orí ẹ̀rún irin náà kí ìdí rẹ̀ kù sínú ọ̀dà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá fi àdá gé koríko láìfa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Ojú a rí i pé ibẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n irin ṣì wà níbẹ̀, òjò tó bá tún rọ̀ ni yóò jí i. Ó sì lè tu irin náà pátápátá, kí irin wọnú fóòmù, kí ẹ̀rọ sì máa wọ́ ọ káàkiri ara ọkọ̀. Irin le ju kílíà lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni òwú aláǹtakùn orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ti wá. Ẹni tó bá sì padà lọ ṣe kọ́tìn ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta nítorí àmì tó padà wá, kílíà rẹ̀ ni ó ń ná tán, pàápàá ní etí ilẹ̀kùn àti igun bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ jù. Èyí tó bá ti lọ kò ní padà, àfi kí a tún ọkọ̀ kùn.

Kẹrosíìnì tí àwọn mìíràn ń lò ń tú ọ̀dà títì, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀nà, kò rí irin gbé ṣe. Ọṣẹ ìfọṣọ náà kò rí i gbé ṣe.

Ohun tó ń yọ irin ni oògùn tó lè bá irin fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Iron remover" ni wọ́n máa ń kọ sára ìgò rẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ammonium thioglycolate tàbí sodium thioglycolate. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ṣe Jẹ́rì kọ́ọ̀lù ní àwọn ọdún 1980 kò ní ṣàì dá òórùn rẹ̀ mọ̀, nítorí pé ìdílé kẹ́míkà yìí kan náà ni wọ́n fi ń ká irun nígbà náà. Imí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú un rùn bí ẹyin ọ̀bu. Bí a bá fín in sára ọkọ̀, a di mọ́ irin, a sọ ọ́ di ohun tó lè yọ́ sínú omi, àwọ̀ rẹ̀ a sì di elésè àlùkò.

Nígbà tí mo gbé ìgò kan padà lọ bá ọmọkùnrin Sùúrùlérè yẹn, tí a sì fín in sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kígbe pé, "Dádì, ọ̀dà yín mà ń ṣàn o!" Ó ti gbá ọ̀pá omi mú kí n tó dá a dúró. Kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ funfun kò ní ọ̀dà elésè àlùkò tí yóò máa ṣàn. Irin ni a ń rí, irin tó ti ń tú kúrò ní ihò rẹ̀. Òmíràn tún ni ìgbàgbọ́ pé ásíìdì ni oògùn yìí. Ásíìdì wà nínú àwọn kan tí wọ́n ń tà fún fífọ ríìmù, ìyẹn sì lè jẹ ọ̀dà. Èyí tí a ń sọ yìí kì í sábà le ní ti ásíìdì tàbí ní ti ìdàkejì rẹ̀, ìyẹn omi eérú, nítorí náà ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà.

Bí a ṣe ń lò ó kò nira, àmọ́ Èkó kò ní sùúrù fún ẹni tó bá ṣe é nínú oòrùn. Abẹ́ ìbòji ni, lẹ́yìn tí a bá ti fọ ọkọ̀ mọ́ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti tutù débi tí a lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò gbọdọ̀ gbẹ sára ọkọ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ, pàápàá bí ó bá jẹ́ omi bọ́ọ̀hòlù tó ń sọ garawa di pupa lẹ ń lò, kí omi náà má baà tún fi àbàwọ́n tirẹ̀ sílẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tán, ẹ fi ọ̀rá tín-ín-rín wé ìka, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì ti tó, kí ẹ sì fi í ra ara ọkọ̀ tó ti mọ́. Ohun tí ìka òfìfo kò gbọ́, ọ̀rá yóò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Bí ó bá ṣì ń ha ọwọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ pa awọ iṣu, nǹkan mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀dà títì, oje igi, tàbí ọ̀dà tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fín ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, oògùn irin kò sì mọ ìkankan nínú wọn. Fún ọ̀dà títì, oògùn tirẹ̀ wà, ó sì yẹ kí ó ṣáájú, nítorí pé irin tí ọ̀dà títì bò kò ní rí oògùn. Fún ìyókù ni a fi ń lo amọ̀ tí wọ́n fi ń fa ara ọkọ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ mọ́ orúkọ Tadao Kodate ọmọ ilẹ̀ Japan, pẹ̀lú omi tó ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń sáré lọ sórí amọ̀ láìlo oògùn rárá. Irin tí amọ̀ bá fà jáde, inú amọ̀ náà ló ń wà, a sì ń fi í ha ibi tó kàn. Bí amọ̀ bá sì já bọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ, nítorí iyanrìn tó bá kó nílẹ̀ yóò ha ọ̀dà.

Pé oògùn náà kò yí àwọ̀ padà kì í ṣe ẹ̀rí pé irin kò sí. Lára ọkọ̀ dúdú, ojú kò lè tètè rí elésè àlùkò, irin tí ìda tí a fi ń pa ara ọkọ̀ nípọn lórí rẹ̀ náà sì lè máà dáhùn. Ọ̀rá ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ó sì ní ibi tí agbára oògùn yìí pin sí. Bí ọ̀dà bá wú bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára, páànù abẹ́ rẹ̀ ló ń dógùn-ún ní tòótọ́, pàǹẹ́ẹ̀lì bítà ni ẹ máa wá. Bí irin àjèjì bá sì ti pẹ́ jù, ìpẹtà rẹ̀ lè ti jẹ kílíà já. Lára ọkọ̀ mi, àmì mẹ́ta péré ló kù, gbogbo wọn lórí búùtù; irin inú wọn ti jáde, ihò wọn ló kù. Mo ń fi ìda dí wọn lóṣooṣù kí omi má baà dúró síbẹ̀, n kò sì tíì jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan tún dé ibẹ̀.