Ẹ má jẹ́ kí bátìrì ínfátà yín kú tán lóru

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè pé kí á máa lo bátìrì ínfátà títí yóò fi kú pátápátá kí á tó ṣáájì rẹ̀, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́. Irọ́ ni o.

Bátìrì nickel-cadmium àtijọ́ ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Èyí tó pọ̀ jù nílé wa, olójé àti ásíìdì ni. Bí iná inú rẹ̀ bá ṣe ń lọ ni èròjà funfun kan, lead sulphate, ń lẹ̀ mọ́ àwọn irin òjé inú rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á le gbagidi, ṣáájì ò sì ní lè tú u mọ́.

Ìdajì ni kí ẹ máa lò. Bátìrì 12V, 200Ah tuntun ní nǹkan bí 2,400Wh (12 lọ́nà 200; Wh ni ìwọ̀n iná tó wà nínú rẹ̀). Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1,200Wh. Fáànù 60W á jẹ 600Wh ní wákàtí 10. Gílóòbù LED ò tó nǹkan. Fíríìjì gan-an ni olè. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn, ẹ má sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ wò káàkiri òru.

Ẹ má dúró de ìgbà tí ínfátà máa pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pa títí á fi ku nǹkan bí 10.5V, bẹ́ẹ̀ bátìrì tó sinmi (tí kò gba ṣáájì, tí a kò sì máa lò) tó wà ní 12.1V ti sún mọ́ ìdajì.

Bátìrì lithium máa ń fara da kí á lò ó kọjá ìdajì ju ti olójé lọ. Bí NEPA bá sì mú iná dé lóru, ẹ jẹ́ kó gba ṣáájì lójú ẹsẹ̀.