Ọ́fíìsì SNAP ní gbèdéke

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp láàárín àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà: pé ẹni tó bá béèrè fún SNAP, ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba, kó ṣáà máa retí, torí ọ́fíìsì kò ní gbèdéke. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ fún wọn ní ọjọ́ 30. Bí owó tó ń wọlé lóṣù kò bá tó $150, tí owó ọwọ́ kò sì ju $100 lọ, ọjọ́ 7 ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù dé ọ́fíìsì ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé ti tó láti fi í sílẹ̀. Ìwé owó oṣù lè tẹ̀lé e. Ẹ gba ẹ̀rí ọjọ́ náà o.

Wọ́n tún ní ẹni tí wọn ò tíì kọ̀ fún kò lè pẹjọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdádúró nìkan ti tó láti fi béèrè fún fair hearing, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ lórí ohun tí ọ́fíìsì ṣe tàbí tí kò ṣe, àwọn lọ́yà legal aid sì máa ń bá aláìní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá 7 CFR 273.2, ìyẹn apá kan nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 30 àti 7 wà níbẹ̀. Ti fair hearing wà ní 273.15.