Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo mọ̀ pé ẹ ti ra báàgì, ẹ ti sanwó físà, àwọn kan nínú yín sì ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní kí ẹ má wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí éjẹ́ǹtì ò ní sọ fún yín, tó sì máa ń ti àwa tá a wà níbí lójú láti sọ: ẹnu yín àti ẹsẹ̀ yín lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín sílé.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ àti ti iṣẹ́ máa ń gbé gbólóhùn kan dání: "no recourse to public funds". Ìyẹn ni pé kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, ò ní fún yín nílé. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kóun bá yín ṣètò ilé kánsù, olè ni. Ọ̀dọ̀ ìbátan ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, irú èmi yìí.

Àjà kẹta là ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta. Ilé kánsù ni, a sì pẹ́ lórí ìlà ká tó rí i gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọmọ àbúrò bàbá mi dé, a tẹ́ ibùsùn fún un ní pálọ̀. Ọmọ dáadáa ni, kì í mutí, kì í mu sìgá. Ṣùgbọ́n aago méjìlá òru ló máa ń ráyè pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Òṣogbo, bálíkónì ló ti máa ń pè é, bí ẹni pé odò ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí mo bá bá a wí, á ní, "Bùọ̀dá, wọn ò kúkú gbọ́ èdè wa." Òótọ́ ni, wọn ò gbọ́ èdè. Ariwo ni wọ́n gbọ́.

Òun nìkan kọ́ ṣá. Èmi ni mo ra odó ní Peckham, tí mo ń gún iyán lórí ilẹ̀ onípákó ní gbogbo ọjọ́ Sunday, gbì, gbì, lórí orí ẹlòmíì. A sọ àbíkẹ́yìn wa lórúkọ nínú pálọ̀ tí kò gba èèyàn ogún, a kó ọgọ́ta sí i. Ìyá òyìnbó kan ló ń gbé nísàlẹ̀ wa. Kò bínú sí wa rí lójúkojú. Ìwé ló ń kọ. Kánsù ló fún un níwèé náà: ọjọ́, aago, ohun tó gbọ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ọ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, mo gbé e sórí fíríìjì. Èkejì dé, mo gbé e lé èkínní. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kánsù wá kanlẹ̀kùn lara mi tó bù máṣọ. Mo bá ṣe ohun tí bàbá mi ì bá ṣe: mo mú alàgbà méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a wọ agbádá, a ra èso àti wáìnì, a lọ bẹ ìyá náà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin dúdú mẹ́ta lójú ilẹ̀kùn obìnrin àgbà tó ń dá gbé. Ẹ fojú tirẹ̀ wò ó kí ẹ tó bá a wí.

Ní oṣù kọkànlá, "Notice of Seeking Possession" dé, ìwé tí kánsù fi ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí kóòtù láti gba ilé padà. Ẹ̀sùn 23 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo lọ bẹ̀ wà níbẹ̀, ìhalẹ̀ ni wọ́n pè é. Òfin tí wọ́n tọ́ka sí ni Housing Act ti 1985, Ground 2, ìyẹn ìdí kejì tí wọ́n fi lè gba ilé: dídààmú àwọn aládùúgbò. Òfin yẹn ò bèèrè bóyá èmi ni mo pariwo: ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ mi tàbí àlejò tó wá kí mi ṣe é, orí èmi tí orúkọ mi wà lórí ìwé ilé ló máa já lé.

Ọ̀rẹ́ kan ní ká yáa kó ẹrù, ká dá kọ́kọ́rọ́ padà kí ìtìjú má baà pọ̀. Ìmọ̀ràn burúkú. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kánsù lè sọ lọ́la pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ sọ ara rẹ̀ di aláìnílé. Ìwé yẹn kì í ṣe lílé. Adájọ́ gbọ́dọ̀ pàṣẹ, bailiff, òṣìṣẹ́ tí kóòtù rán, ló sì lè lé èèyàn jáde. Àmọ́ kò sí àyè oorun: lórí Ground 2, kánsù lè pe ẹjọ́ lọ́jọ́ tí ìwé bá délé gan-an. Ẹni tó ṣì wà nínú ọdún àkọ́kọ́ nílé kánsù tún lójú jù bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 14 péré ló ní láti sọ pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ti dá ẹnì kan nínú ilé lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, tí wọ́n wá lo òfin tí kì í fẹ́ gba àlàyé, ọjọ́ 7 ni.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba ń sanwó lọ́yà fún ẹni tó bá gba irú ìwé yìí, wọn ò sì bèèrè iye tó ń gbà níbi iṣẹ́. Housing Loss Prevention Advice Service lorúkọ rẹ̀. Mo kó gbogbo lẹ́tà orí fíríìjì sínú ọ̀rá, mo lọ. Mo ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, "ẹ forí jì wá fún gbogbo rẹ̀." Lọ́yà obìnrin yẹn fi ọwọ́ bo ìwé náà. Ó ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi gbà yẹn.

A wá jókòó ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹlẹ̀, a gbà. Òru mẹ́rin wà tí gbogbo wa ò sí nílé, a wà ní àpéjọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Birmingham, rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Lọ́yà tún ní ká béèrè gbogbo ohun tí kánsù kọ nípa wa. Oṣù kan lòfin fún wọn láti kó o jáde. Ibẹ̀ la ti rí i pé wọ́n ka ajá tó ń gbó mọ́ wa lọ́rùn. A ò ní ajá. Ọmọ mi ọkùnrin tilẹ̀ ń sunkún ajá láti ọdún méjì, mi ò gbà.

Lórí Ground 2, adájọ́ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó bójú mu láti léèyàn jáde, nítorí náà ohun tí ẹ bá tún ṣe kí ẹjọ́ tó dé máa ń níye lórí. A tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nínípọn. Àbúrò wa gba yàrá sí Woolwich, ó sì ń bínú sí mi títí di òní, ó ní mo lé òun nítorí òyìnbó. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú fún ọdún kan: bí ẹ̀sùn tuntun ò bá wáyé, ó parí síbẹ̀. Kò wáyé.

Odó wà ní ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì. Poundo là ń rò nílé báyìí, àbíkẹ́yìn mi sì rò pé iyán nìyẹn.