Ẹ yé fi ìtàn "ó yè é" pa aláìsàn lẹ́nu mọ́

Bí a bá lọ kí aláìsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wa: "Mo mọ ẹnìkan tí irú àìsàn yìí ṣe. Tiẹ̀ tilẹ̀ burú ju tìrẹ lọ. Wá wò ó lónìí, ara rẹ̀ le koko." Tó bá jẹ́ ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú la lọ bá, a ó sọ ti opó kan tó rò pé ayé òun ti parí, tó sì ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ni pé ìtàn tó parí sí ayọ̀ nìkan ló ń tuni nínú, pé ìtàn tí ẹkún bá wà nínú rẹ̀, àfikún ẹrù ni fún ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Àwọn mìíràn tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀: wọ́n ní bí aláìsàn bá ń gbọ́ ìtàn ìṣẹ́gun lemọ́lemọ́, ọkàn rẹ̀ á le, ọkàn tó le á sì lé àìsàn lọ.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ti to ìtàn mẹ́ta jọ láti ilé. Mo sọ ọ̀kan, mo sọ èkejì. Kí n tó kan ẹ̀kẹta, ó yíjú sí ògiri. Ó ní, "Gbogbo àwọn tí ò ń sọ yìí ló yè é. Àwọn tí kò yè é ńkọ́? Ṣé àwọn kò ní ìtàn ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo gbé ìtàn mi kẹta padà sílé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí kò gbe ìgbàgbọ́ wa rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rinlẹ̀ jù, pé inú dídùn ń lé àrùn lọ. Ní 2007, James Coyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 1,093 tí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ń bá jà. Wọ́n ti bi gbogbo wọn léèrè níbẹ̀rẹ̀ bí ọkàn wọn ṣe rí: ṣé ìrètí wà, ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ṣé inú wọn bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n máa parí ìṣirò, 646 ti kú nínú wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn: bí ọkàn ẹni ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ kò sọ bí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kú, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kú, àwọn tó máa yè nínú àwọn méjèèjì sì yè. Ọ̀rọ̀ yìí le létí, ṣùgbọ́n ẹ wo ìtura tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Bí àìsàn rẹ̀ kò bá lọ, kì í ṣe òun ni kò nírètí tó. Àwa tí a ń sọ ìtàn ìṣẹ́gun kì í rántí pé ẹ̀sùn kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: àwọn kan ṣe ọkàn akin, wọ́n sì yè, ìwọ ńkọ́?

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀? Apá kan rẹ̀ wá láti 1989. Dókítà David Spiegel kó obìnrin 86 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti ràn káàkiri ara sínú ìwádìí kan. Apá kan nínú wọn ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń pàdé lo oṣù 36.6 ní ìdiwọ̀n kí wọ́n tó kú, àwọn yòókù lo oṣù 18.9. Ìròyìn náà ràn bí iná inú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2001, Pamela Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tún un ṣe pẹ̀lú obìnrin 235. Oṣù 17.9 fún àwọn tó ń pàdé, oṣù 17.6 fún àwọn tí kò pàdé. Kò sí ìyàtọ̀. Spiegel fúnra rẹ̀ tún un ṣe pẹ̀lú obìnrin 125, ó gbé e jáde ní 2007. Lápapọ̀, ẹ̀mí kò gùn sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń pa ìwé náà dé. Wọn kì í kà á dé ìdí. Nínú ìwádìí Kánádà yẹn, ìrora àwọn tó ń pàdé dín kù, ọkàn wọn sì fúyẹ́, pàápàá àwọn tí ọkàn wọn ti gbọgbẹ́ gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wá ni wọ́n ń sọ fún ara wọn níbẹ̀? Kì í ṣe ìtàn "ó yè é." Irú ìpàdé yẹn, ìlànà rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe yẹ ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń jí èèyàn lóru, ara tó ti yí padà, ẹni ilé tí kò mọ ohun tó máa sọ mọ́, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tí kò ní padà wá mọ́: ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Àwọn tó ń sọ ìtàn ikú lójú ara wọn ni ara tù.

Àwọn àgbà ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ tipẹ́: àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ "ìtùnú" náà fúnra rẹ̀. Inú ló ń tù. Kò sẹ́ni tó ní ó ń wo ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín.

Arthur Frank, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Kánádà, mọ ọ̀rọ̀ yìí lára. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà tí àrùn ọkàn kọlù ú. Ọdún kejì, jẹjẹrẹ dé. Ní 1995 ó pín ìtàn tí aláìsàn máa ń sọ sí oríṣi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni "ara mi le, àìsàn dé, ara mi á tún le." Ìkejì ni ìtàn tí kò ní orí tí kò ní ìdí: èyí ṣẹlẹ̀, ìyẹn tún ṣẹlẹ̀, òmíràn tún já lù ú, kò sì sí ibi tó ń lọ. Ìkẹta ni ti ẹni tó gbà pé àìsàn ti gbé òun rin ìrìn àjò kan, òun á sì sọ ohun tí òun rí lọ́nà. Frank ní àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn fẹ́ gbọ́, ìkejì ni kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró tẹ́tí sí. Tèmi ni pé àwa tí ara wa le la nílò ìtàn àkọ́kọ́ yẹn ju aláìsàn lọ. Ẹ̀rù ń bà wá. A jókòó ti ẹni tó lè kú, a sì ń wá ohun tí a ó fi bo ojú ara wa. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò níwòsàn, tó jẹ́ pé yóò máa bá a gbé ni, ìtàn àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní àyè tó lè jókòó sí nínú rẹ̀.

Ìtàn àtijọ́ kan wà láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Kisa Gotami. Ọmọ rẹ̀ kékeré kú. Ó gbé òkú rẹ̀ kiri, ó ń tọrọ oògùn. Búdà ní òun á bá a ṣe é, kó sáà lọ gba hóró músítádì wá láti ilé tí ikú kò tíì wọ̀ rí. Ó kan ilẹ̀kùn kan, wọ́n ní bàbá àwọn ti kú. Ó kan òmíràn, wọ́n ní ọmọ àwọn. Hóró músítádì wà nínú gbogbo ilé, kò sì sí èyí tó lè gbà. Nígbà tó padà dé, ó ti sin ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìtàn yìí. Ọmọ náà kò jí. Kò sí ilé kan tó sọ fún un pé "wò wá, a ti borí ẹ̀." Ọ̀fọ̀ tiwọn ni wọ́n sọ fún un, ilé dé ilé, òun ló sì mú kó lè gbé ọmọ náà sílẹ̀.

Irú ẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ lóde òní, láàárín ọkùnrin méjì tó mọ̀wé gan-an. Ní 1917, Sigmund Freud, dókítà tó dá ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀, kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọ̀fọ̀ ni kí èèyàn máa já ọkàn rẹ̀ kúrò lára òkú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lè fẹ́ràn ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1920, Sophie ọmọ rẹ̀ obìnrin kú. Nígbà tó di 1929, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ludwig Binswanger kú, Freud sì kọ lẹ́tà sí i. Kò kọ ọ́ pé yóò dára. Ó ní ọjọ́ tí òun ń kọ lẹ́tà yẹn gan-an ni Sophie ì bá pé ọdún 36. Ó ní ọ̀fọ̀ tó mú gan-an yóò rọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní rí ìtùnú tán, a kò sì ní rí arọ́pò láé. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn tí ìfẹ́ náà kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ wa. Bàbá ọ̀fọ̀ ló ń sọ ìtàn fún bàbá ọ̀fọ̀. Èmi kò mọ̀ bóyá Freud rántí ohun tó kọ ní 1917, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ni mo gbà gbọ́.

Níbí ni ẹnìkan á ti sọ fún mi pé ọ̀fọ̀ ní ìpele márùn-ún (kíkọ̀ láti gbà, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìbànújẹ́, àti gbígbà), pé ìtàn ìbànújẹ́ lè dá èèyàn dúró sórí ọ̀kan. Ìpele márùn-ún tí dókítà Elisabeth Kübler-Ross kọ ní 1969, lẹ́nu àwọn tó ń kú lọ fúnra wọn ló ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu àwọn tí èèyàn wọn kú. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló sọ ọ́ di àkàbà tí gbogbo ọlọ́fọ̀ gbọ́dọ̀ gùn. Ohun tí àwọn olùwádìí Margaret Stroebe àti Henk Schut ṣàpèjúwe ní 1999 jọ ohun tí ojú wa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọlọ́fọ̀ á lọ, á bọ̀. Láàárọ̀ á sunkún òkú, lọ́sàn-án á ṣírò owó ilé, nírọ̀lẹ́ á tún sunkún. Ẹkún kò dá a dúró, ẹ̀rín kò sì sọ pé ó ti gbàgbé.

Kí ẹ má baà gbọ́ mi sódì, mi ò ní kí ẹ lọ máa fi ìtàn ikú lé aláìsàn kiri. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ẹ fipá mú ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ mìíràn nìyẹn, pé "sọ ọ́ jáde, kó má baà pa ọ́ sínú." Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀: kí ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí jókòó lójú ẹsẹ̀, kó ròyìn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2005, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n má fi ṣe àṣà mọ́. Ìwé kíkọ náà, tí James Pennebaker àti Sandra Beall bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní 1986 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ohun tó dùn wọ́n jù fún ìṣẹ́jú 15 ní ọjọ́ mẹ́rin, ó ń ràn èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ níwọ̀nba. Nígbà tí Joanne Frattaroli kó ìwádìí 146 jọ ní 2006, èrè náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kàn kéré ni.

Ìtàn tó dùn náà ní àyè tirẹ̀. Ní Bràsíl, ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí ọmọdé 81 tó wà ní ibi ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Àwọn kan gbọ́ ìtàn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, àwọn kan jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún wọn. Ìrora dín kù fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó dín kù ju fún àwọn tó gbọ́ ìtàn. Nínú itọ́ wọn, cortisol tó máa ń pọ̀ bí ara bá wà nínú ìnira lọ sílẹ̀, oxytocin, tó máa ń jáde bí èèyàn bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn, sì pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé ọmọ kan ní àìsàn yìí, ó sì yè é. Ìtàn ọmọdé lásán ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé a kì í rò ó pé aláìsàn fúnra rẹ̀ lè jẹ́ apìtàn. Àwa la máa ń gbé ìtàn lọ. Harvey Chochinov, dókítà kan ní Kánádà, yí i padà. Ó ń bi àwọn tó ń kú lọ léèrè: ìgbà wo lo rò pé o gbé ayé jù? Kí lo fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ mọ̀? Wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á kà á sí wọn létí, wọ́n á sì fún wọn láti fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ní 2005, nínú 100 aláìsàn, 91 ló ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Nígbà tó fi wé ìtọ́jú mìíràn ní 2011, ìwọ̀n ìbànújẹ́ kò yàtọ̀, síbẹ̀ àwọn aláìsàn náà ní ó ṣe àwọn láǹfààní, pé ó tilẹ̀ yí ojú tí ará ilé fi ń wo àwọn padà.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mi ò gbé ìtàn kankan dání. Mo kàn bi í bí òru ṣe rí. Ó sọ ti bàbá kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìkejì, tí ìhanrun rẹ̀ ń bí òun nínú lálaalẹ́. Ó ní òru àná, ìdákẹ́jẹ́ ló jí òun. Ó sọ ọ́ tán, ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ìtàn kẹta tó o gbé wá lọ́jọ́sí, kí ni?" Mo ní mo ti gbàgbé. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó sì ní kí n fa àga mi súnmọ́ òun díẹ̀ sí i.